Ìdáná ìta fún ayẹyẹ: igi ni, èédú ni, àbí gáàsì?

Àrẹ̀mú Ìkòròdú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan. A fẹ́ se oúnjẹ ayẹyẹ nínú ọgbà wa ní Ìgbógbó, àwọn àlejò á tó 300. Jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín, ìkòkòrè fún àwọn àgbà, ẹja yíyan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní igi dídá ti fẹ́ pa igbó run, pé ká lọ ra èédú. Ìyàwó rẹ̀ ní gáàsì ló mọ́ jù. Àwọn alásè ní jọ̀lọ́ọ̀fù tí kò bá rí iná igi, ká má pè é ní jọ̀lọ́ọ̀fù òde. Ilé kejì sì ti ránṣẹ́ pé àwọn ò fẹ́ èéfín lára aṣọ tí àwọn sá. Nínú gbogbo èyí, èwo ni kò ní ba àyíká jẹ́ jù, tí kò sì ní gbówó gọbọi? Ẹ má sọ sólà fún mi o. Ohun tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ fi dá mi lóhùn.

———

Olóúnjẹ Òde

Ẹ kọ́kọ́ yọ èédú kúrò níbẹ̀. Torí pé a ò rí èéfín rẹ̀ la ṣe ń pè é ní iná mímọ́. Èéfín rẹ̀ ti rú tán lóko kó tó gun ọkọ̀ wá sí Ìkòròdú. Bí wọ́n ṣe ń sun ún lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀ lápá Òkè-Ògùn, igi kílò 5 sí 10 ló ń lọ sí kílò èédú kan. Agbára kílò èédú yẹn kò sì ju ìlọ́po méjì ti kílò igi gbígbẹ lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n: ó ju ìdajì agbára igi náà lọ tó ti bá afẹ́fẹ́ lọ kí ẹ tó ṣáná rárá.

Ibi tí èédú ti dáa ni ẹran sísun àti àgbàdo, ibi tí èèyàn ti fẹ́ iná kékeré tó gbóná kíkan nítòsí. Abẹ́ ìkòkò ìrẹsì àpò kan kọ́ ni àyè rẹ̀. Bí òjò bá sì dé, ẹ má gbé e wọ inú ilé tàbí abẹ́ tapólì tí ẹ bò yíká. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń tinú rẹ̀ jáde kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pani.

Ti jọ̀lọ́ọ̀fù ńkọ́? Àwọn alásè yín ò purọ́ tán, wọn ò sì sọ òótọ́ tán. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ni èyí tó pọ̀ jù nínú adùn yẹn ti ń wá, níbi tí ata àti òróró ti gbẹ mọ́ irin tí wọ́n sì jó díẹ̀. Èéfín tó ń wọlé nígbà tí wọ́n bá ṣí ọmọrí fi díẹ̀ kún un, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí gáàsì, ẹ jẹ́ kí ìrẹsì jinná kí omi rẹ̀ sì gbẹ, ẹ wá gbé iná sókè sí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ọmọrí wà lórí rẹ̀ pinpin, kí ẹnikẹ́ni má rò ó fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Ní kété tí òórùn rẹ̀ bá yọ, ẹ pa iná. Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn ló ń ṣe èyí dáadáa. Tí ìdí ìkòkò bá fẹ́lẹ́, ibi tí iná ti ń kàn án gan-an á di kíkorò kí ìyókù tó mọ̀.

———

Wẹ́dà Odógùnyàn

Kí ẹ tó bá ara yín jà lórí gáàsì àti igi, ẹ wo ààrò náà fúnra rẹ̀. Nínú ooru 100 tí igi ń mú jáde lórí òkúta mẹ́ta tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, nǹkan bí 10 sí 15 ló ń wọ inú ìkòkò. Ìyókù ń yá afẹ́fẹ́ àti ojúgun alásè. Ẹni tó ń sun pikọ́ọ̀pù igi kan lè máa fi bẹ́ẹ̀ sun igi tó pọ̀ fíìfíì ju ohun tí oúnjẹ nílò lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ìkòkò ga jù. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń gbé e lé bulọ́ọ̀kù mẹ́ta tó dúró lóòró, kí igi ńláńlá lè wọlé. Sẹ̀ǹtímítà 20 láti ilẹ̀ dé ìdí ìkòkò tó. Tó bá kéré sí ìyẹn púpọ̀, iná á fún, èéfín á pọ̀, ìdí ìkòkò á dúdú. Ẹ dábùú páànù sí apá tí atẹ́gùn ti ń wá, kì í ṣe yíká, kó sì jìnnà tó ìgbésẹ̀ kan sí iná. Páànù olómi sínkì tí iná bá ń lá tààrà ń rú èéfín tó ń fún èèyàn ní ibà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é tó máa pẹ́, ẹ mọ ààrò onígbọ̀nwọ́, èyí tí àwọn ará íntánẹ́ẹ̀tì ń pè ní rocket stove. Bulọ́ọ̀kù ínǹṣì 6 ni ara rẹ̀ níta. Nínú, ẹ fi bíríkì amọ̀ mọ ọ̀nà iná tó ní ẹnu kan nísàlẹ̀ fún igi, sẹ̀ǹtímítà 20 níbùú àti lóòró, tó wá tẹ̀ gòkè lọ bá ìkòkò. Ọ̀nà tó gòkè yìí, fífẹ̀ kan náà ni, gíga rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 50 sí 60. Ìwọ̀n yẹn gba ìkòkò ńlá. Ti ilé lásán, 12 níbùú ti tó.

Àárín bíríkì àti bulọ́ọ̀kù, ẹ da eérú gbígbẹ sí i, ó kéré tán kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Àwọn kan máa ń da yanrìn síbẹ̀ torí pé òun ló wà nítòsí. Yanrìn á mu ooru fún wákàtí kan gbáko kí ìkòkò tó rí tirẹ̀ gbà. Eérú fúyẹ́, afẹ́fẹ́ wà láàárín rẹ̀, kì í jẹ́ kí ooru kọjá. Ẹ má sì fi bulọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì ṣe ọ̀nà iná fúnra rẹ̀, á sán láàárín ìdáná mélòó kan. Tí bíríkì amọ̀ bá wọ́n, ẹ po amọ̀ pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú pákó, ìdajì sí ìdajì, kí ẹ fi mọ ọ́n. Lẹ́búlẹ́bú á jó kúrò nínú rẹ̀, á fi ihò wínníwínní sílẹ̀ tó ń dá ooru dúró. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ kọ́kọ́ dá iná kékeré sí i fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá kanjú dá iná ńlá sí amọ̀ tútù, òun ló máa ń ní ààrò onígbọ̀nwọ́ ò dáa.

Níbi ẹnu igi ni èyí tó pọ̀ jù ti ń bàjẹ́. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ pín ẹnu náà sí òkè àti ìsàlẹ̀. Igi lórí irin, afẹ́fẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Orí igi nìkan ló ń jó. Bó bá ti ń jó ni ẹ ń tì í wọlé. Alásè tó ti mọ́ lára láti kó igi kún ẹnu rẹ̀ bámúbámú á dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, èéfín á bo ọgbà, á ní ẹ kó o kúrò fún òun.

Ọ̀pá irin mẹ́ta ni kí ìkòkò jókòó lé, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5 wà láàárín ìdí rẹ̀ àti ẹnu ààrò. Bí ẹ bá rí awẹ́ àgbá irin àtijọ́, ẹ ká a yí ìkòkò ká bí ìró, kó jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà 2, kí iná lè máa pá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò lọ sókè. Tí ẹ bá fún un jù, iná á kọ̀, èéfín á gba ẹnu igi padà.

———

Àrẹ̀mú Ìkòròdú

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n wẹ́dà. Igi ti wà nílẹ̀ o, pikọ́ọ̀pù kan. Ẹni tó tà á ní ó gbẹ. Báwo la ṣe máa mọ̀?

———

Wẹ́dà Odógùnyàn

Ẹ mú méjì, ẹ kàn wọ́n mọ́ra. Tó bá dún gbà-gbà, ó gbẹ. Tó bá dún dù-dù, omi wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e: igi gbígbẹ máa ń sán láti àárín wá sí etí, èèpo rẹ̀ á sì máa ṣí fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá ń jó, tí ìdí rẹ̀ bá ń hó, tó ń tu ìfófòó, omi lẹ ń sè, kì í ṣe oúnjẹ. Ooru tó ń lé omi lítà kan jáde kúrò nínú igi tó láti mú omi lítà 8 hó nínú ìkòkò yín.

Ẹ là á sí ìwọ̀n ọrùn ọwọ́, ẹ gbé e lé ọ̀pá kúrò nílẹ̀, kí òkè rẹ̀ ní ìbòrí kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, oṣù méjì sí mẹ́ta ti tó fún èyí tí a là. Tí ayẹyẹ bá ti sún mọ́lé, ẹ yan èyí tó gbẹ jù fún ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ to ìyókù sí ẹ̀gbẹ́ ààrò kó máa yá iná.

Ẹ sì wò ó dáadáa bóyá pákó ilé kíkọ́ wà láàárín rẹ̀. Pákó tí wọ́n fi ṣe dẹ́kìn, wọ́n ti fi epo ẹ́ńjìnnì pa á kí kọnkéré má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, ìṣó sì kún inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kùn ní ọ̀dà àti plywood náà, ẹ má fi dáná oúnjẹ.

———

Ọmọ Àgbádárìgì

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ igi. Ní ọ̀dọ̀ wa, èèpo àgbọn ń kún ojú ọ̀nà, wọ́n ń sun ún dànù lásán. Kí ló dé tí ẹ ò gbé e wá?

Èèpo onífọ́nrán tó wà níta àti igbá líle tó wà nínú, iṣẹ́ wọn ò jọra. Fọ́nrán dáa fún ìṣáná. Ẹ sá a fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú oòrùn, ẹ ya á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ ò ní nílò kẹrosín tàbí ọ̀rá láti fi mú iná. Igbá líle ló ní ooru. Ó ń jó kíkan, ó ń fi ògúnná tó pẹ́ sílẹ̀, kò sì rú èéfín tó fọ́nrán. Tí ẹ bá fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wọ ẹnu ààrò onígbọ̀nwọ́ tí ẹ̀gbọ́n wẹ́dà júwe, àmọ́ ó gba kí ẹ gbé e lé asẹ́ irin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dí ọ̀nà afẹ́fẹ́.

Igi tí òkun gbé jù sí etíkun ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Iyọ̀ òkun ti wọ inú rẹ̀ lọ, èéfín rẹ̀ ní oró, ó sì ń jẹ irin ààrò.

———

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Ọmọ Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ yín dáa, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó fọ́nrán àgbọn sábẹ́ ẹja láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Ẹja tó ṣì tutù lára máa ń fa èéfín yẹn mọ́ra, á dúdú, á korò, inú rẹ̀ ò sì ní tíì jinná. Ìparí iṣẹ́ ni wọ́n ń lò ó, ìkúnwọ́ kan tàbí méjì, fún àwọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ yan ẹja fúnra yín, ẹ yọ ìfun rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi omi iyọ̀ pa á, kí ẹ wá tò ó sórí asẹ́ kí omi ro dànù, títí ara rẹ̀ á fi gbẹ lọ́wọ́. Ibí yìí ni ìkánjú ti ń ná wọn ní igi. Ẹja tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀ ń pa iná, wọ́n á tún kó igi sí i, èéfín á wá pọ̀ ju ooru lọ. Tó bá ti gbẹ, ẹ fi iná wẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí ara rẹ̀ le. Ẹ wá mú un gbóná kí inú rẹ̀ jinná, lẹ́yìn náà ẹ fà á sílẹ̀ kó máa gbẹ.

Àgbá tí wọ́n gé sí méjì tí gbogbo ayé ń lò, asẹ́ kan ṣoṣo ló ń gbà, ooru ń gba orí rẹ̀ lọ. Àdògán onípele tí wọ́n ń pè ní Chorkor, tó gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àdúgbò àwọn apẹja kan ní Accra ní Ghana, sàn jù ú lọ fíìfíì. Amọ̀ tàbí bulọ́ọ̀kù la fi ń mọ ọ́n ní onígun mẹ́rin, pẹ̀lú ẹnu igi nísàlẹ̀. Férémù pákó tó ní nẹ́ẹ̀tì irin la ń tò lé ara wọn lórí rẹ̀, wọ́n lè tó 10, ooru kan náà á máa gba ara gbogbo wọn kọjá. Férémù gbọ́dọ̀ bá ẹnu ògiri mu láìfi àlàfo sílẹ̀, kí etí pákó sì wà lórí ògiri gan-an, má ṣe jẹ́ kó yọ sínú iná. Ẹ máa pààrọ̀ ti òkè àti ti ìsàlẹ̀.

Àrọ̀ àti òbòkún lọ́ràá. Ọ̀rá tó bá ń kán sínú iná ló ń di èéfín dúdú tí àwọn oníṣègùn ń kọ̀ fún wa. Irin pẹlẹbẹ tó dagun díẹ̀ lókè iná, tó ń gbe ọ̀rá lọ sínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́, yanjú rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Fún 300 èèyàn ṣá, ẹ ra èyí tí wọ́n ti yan ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Ẹni tó ń yan ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ń lo igi tó kéré lórí ẹja kọ̀ọ̀kan ju yín lọ.

———

Jagunlabí

Igi ń hù padà, gáàsì kì í hù. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa.

———

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Ó ń hù padà níbi tí wọ́n bá ti jẹ́ kó hù, arákùnrin. Ẹ lọ wo etí ọ̀sà, níbi tí àwọn igi tó fi gbòǹgbò dúró nínú omi wà tẹ́lẹ̀. Abẹ́ gbòǹgbò yẹn ni ẹja ń yé ẹyin sí. Wọ́n gé e láti fi yan ẹja, wọ́n tún ń bèèrè ibi tí ẹja lọ.

———

Wẹ́dà Odógùnyàn

Ibi tí igi ti wá ni ọ̀rọ̀ wà. Àgékù láti ilé ìlapákó ní Àgbọ̀wá, igi náà ti kú fún iṣẹ́ mìíràn tẹ́lẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú ibẹ̀ náà ṣe é dáná. Ẹ wá agolo òróró ńlá kan, ẹ gé ihò sẹ̀ǹtímítà 7 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ ki páìpù kan gba ihò náà wọlé, kí ẹ na èkejì dúró lé e láàárín agolo, kí ẹ wá máa gún lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ yí i ká pinpin títí á fi kún. Ẹ rọra yọ páìpù méjèèjì. Ẹ ti ìsàlẹ̀ ṣáná. Á máa jó láti inú jáde fún wákàtí bíi mélòó kan láìsí pé ẹnì kan ń koná, èyí tó dáa fún ọbẹ̀ tàbí ìkòkòrè tí kò fẹ́ iná líle. Tí ẹ kò bá gún un le, á wó dí ihò, á kàn máa rú èéfín. Ìwọ̀n ìkòkò kò gbọdọ̀ wà lórí lẹ́búlẹ́bú, orí irin tó dábùú ẹnu agolo ni.

———

Olóúnjẹ Òde

Jagunlabí, òótọ́ ni pé gáàsì ti inú ilẹ̀ wá. Síbẹ̀, tí aládùúgbò bá sá aṣọ, tí kò sì sí àkókò láti mọ ààrò, gáàsì ni mo máa yàn fún ìrẹsì, kí n fi igi gbígbẹ se mọ́ínmọ́ín. Ẹ má fi sílíńdà kílò 6 gbé iná ńlá ró. Bí gáàsì bá ń jáde kíákíá jù, sílíńdà á tutù, òógùn tàbí yìnyín á mú u lára, iná á máa rẹlẹ̀ nígbà tí gáàsì ṣì kù nínú rẹ̀. Wọ́n á máa da omi gbígbóná lé e, àwọn mìíràn á tiẹ̀ sún un mọ́ iná. Ẹ má dán an wò. Kílò 12.5 fún iná ńlá kan, kí òmíràn wà nílẹ̀ láti pààrọ̀. Ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa gbogbo oríkèé rọ́bà kí ẹ tó ṣáná. Páànù tí ẹ fi dí atẹ́gùn, sílíńdà kò gbọdọ̀ wà ní apá ibi tí iná wà.

Ọmọrí ni wọ́n fojú dì jù. Alásè tó ń ṣí ìkòkò ní ìṣẹ́jú méjì-méjì láti wò ó ń sun gáàsì lásán. Bí omi ìrẹsì bá ti ku díẹ̀, ẹ tẹ́ ewé tàbí bébà ìdáná sórí rẹ̀, kí ẹ fi ọmọrí tẹ̀ ẹ́, ẹ fa iná sílẹ̀ pátápátá. Lórí igi, ẹ fa igi jáde, ògúnná tó kù á parí rẹ̀. Ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú kó rọrùn láti bó àti láti lọ̀. Ewé eéran ni kí ẹ fi pọ́n ọn, ọ̀rá kò yẹ kó wọ inú omi gbígbóná. Ẹ to mọ́ínmọ́ín ní ìpele, ọ̀pá ewé nísàlẹ̀, omi tí kò kọjá ọ̀pá. Ìyẹn ni pé oru ló ń sè é. Ìkòkò tí ẹ kún fún omi dé àárín kàn ń jẹ igi ni.

Àwo fómù funfun ńkọ́, ìjọba Èkó ti fòfin dè é láti oṣù January 2024. Ẹ yá àwo tó ṣe é fọ̀.

———

Àrẹ̀mú Ìkòròdú

A ti gbọ́. Gáàsì fún ìrẹsì, lẹ́búlẹ́bú fún ìkòkòrè, igi gbígbẹ fún mọ́ínmọ́ín, ẹja látọ̀dọ̀ yín ní Ẹ̀pẹ́. Ìbéèrè kan ló kù: àwọn alásè máa ń da omi sí iná lópin, ilẹ̀ á di ẹrọ̀fọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?

———

Wẹ́dà Odógùnyàn

Rárá. Ẹ fa àwọn igi tó ṣẹ́kù jáde, ẹ ti orí wọn bọ inú yanrìn, wọ́n á kú gbẹ, ẹ lè fi wọ́n dáná lọ́jọ́ mìíràn. Ògúnná, ẹ ṣa á sínú agolo irin tó ní ìdérí. Tí afẹ́fẹ́ kò bá wọ ibẹ̀, á di èédú fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Eérú ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Iná lè fara pamọ́ sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ má kó o sínú àpò ìdọ̀tí lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá ti tutù pátá, ẹ fọ́n díẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òróró tí wọ́n fi dín nǹkan, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ rọ ọ́ sínú ike tó ní ìdérí, àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń wá a. Ẹ má dà á sí gọ́tà.

———

Jagunlabí

Ẹni tó máa jókòó sídìí ẹnu igi yẹn tí á máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀ ńkọ́? Èmi mọ àwọn alásè.

———

Olóúnjẹ Òde

Ẹ háyà ọmọkùnrin kan fún un, kó má ṣe iṣẹ́ mìíràn. Kí àwọn alásè má fọwọ́ kan igi rárá.